Ta ló sọ pé ibi iṣẹ́ eyín ni kòrónà ti ṣọṣẹ́ jù?

Ẹnìkan tún wí i sí mi létí lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ eyín, Ọlọ́run ló yọ yín. Ibi iṣẹ́ yín ni kòrónà ti mú èèyàn jù." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò sí ẹ̀rí tí wọ́n ń mú wá ju pé aláìsàn ń lanu níwájú wa.

Mo mọ ohun tó gbé e jáde. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìwé ìròyìn New York Times to oríṣiríṣi iṣẹ́ ní ìpele-ìpele, iṣẹ́ eyín sì wà lókè téńté. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń sún mọ́ èèyàn tó àti bó ṣe ń bá àrùn pàdé tó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Wọn ò ka iye àwa tó ṣàìsàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà wá béèrè lọ́wọ́ dókítà eyín 2,195 ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn tó ti ní in tàbí tó jọ pé wọ́n ní in kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó ń já àwọn èèyàn láyà ni omi tó máa ń fọ́n bí ìrì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbẹ́ eyín. Wọ́n ní itọ́ ni. Àwọn onímọ̀ ní Ohio State University gba omi yẹn níbi tó ta sí: lára dókítà, lára ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́, lórí àyà aláìsàn. Wọ́n gba itọ́ aláìsàn àti omi inú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì fi kòkòrò inú wọn wéra. Aláìsàn 28 ni. Èsì wọn, tó jáde ní 2021, ni pé inú omi ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ kòkòrò náà ti wá. Ti itọ́ kò tó nǹkan. Kòrónà wà nínú itọ́ aláìsàn 19, síbẹ̀ wọn ò rí i rárá nínú omi tó fọ́n lẹ́nu wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Omi ẹ̀rọ pọ̀ ju itọ́ lọ fíìfíì, ọ̀pá tí a fi ń fa omi lẹ́nu aláìsàn sì ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ kó tó jáde lẹ́nu.

Èmi ni mo máa ń di ọ̀pá yẹn mú. Ìbomú N95 dá egbò sí mi lórí imú, omi á sì ti ta kún ike tí mo fi bojú kí iṣẹ́ tó parí. Tí aláìsàn kan bá jáde, a ó ṣí fèrèsé, a ó dúró kí afẹ́fẹ́ yàrá yí padà kí á tó pe ẹlòmíì. Ẹ̀rù ò bà mí níbẹ̀. Yàrá kékeré tí a ti ń jẹun ló ń bà mí lẹ́rù, níbi tí gbogbo wa ti ń tú ìbomú, tí a ń fojú kojú tàkurọ̀sọ. Àwọn tó kó o lára wa, ọkọ tàbí ọmọ ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ wọn.

Ó dáa, ní West Midlands lórílẹ̀-èdè England, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ eyín tó lé ní 1,500 wò ní 2020, wọ́n sì bá àmì pé èèyàn ti kó àrùn náà rí nínú ẹ̀jẹ̀ bíi 16 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó ju ti ará ìlú lọ. Ṣùgbọ́n kí ìbomú gidi tó kárí ni ọ̀pọ̀ wọn ti kó o.

Ẹ̀rù tí ẹ ń dá ba èèyàn yìí ò mọ sórí àwa nìkan. Mo ti rí eyín tí à bá tètè dí tó di ohun yíyọ, mo ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bàǹtù-bàǹtù, nítorí pé ẹnìkan ní kí wọ́n má ṣe sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa.