À Ń Náání Ohun tí À Ń Náání

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí ewé lásán ni ẹ ṣe fajú ro báyìí?" Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan sọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn nìyí, lówùúrọ̀ ọjọ́ tí omi wọ yàrá ìyá náà, tí ó sì ba ohun tí ó ti ń kọ sílẹ̀ nípa ewé ọbẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí fẹ́ bú u; ó rò pé òun ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni. Ohun tí ó bí mi nínú gan-an nìyẹn, nítorí ẹni tí ó ń buni mọ ohun tí òun ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣìpẹ̀ fún ọlọ́fọ̀ láìgbà pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, a kì í mọ ibi tí a ó ti bá irú rẹ̀ wí. Àwọn àgbà ló bá mi wí i: à ń náání ohun tí à ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Èpo tí ẹlòmíràn ń gbọ̀n dànù lára igi ni ọmọ aṣẹ́gità ń ṣà jọ, nítorí ó mọ ìwúlò rẹ̀ nídìí ààrò.

Olùkọ́ ni ìyá tí mo ń wí yìí kí ó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ni ó ti ń kọ àkọsílẹ̀ nípa ewé ọbẹ̀, kì í ṣe ti tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí ó kún ọjà nìkan, bí kò ṣe ti àwọn tí ojú àwọn ọmọ wa kò tó mọ́: yánrin tí ó korò, tí a ní láti bọ̀ kí ó tó ṣeé jẹ, wọ̀rọ̀wọ́ tí ń fà lábẹ́ igi kòkó nítorí ó fẹ́ràn ibòji, ebòlò tí òórùn rẹ̀ kì í fi ara pamọ́, amúnútutù tí ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, àti ọ̀dú, tí àwọn àgbà ní kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, ṣùgbọ́n tí ó ti di àìmọ̀ fún ọmọ olóko. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń jókòó sídìí tábìlì, tí yóò kó àwòrán tí ó yà ní Ọjà-Ọba àti ní Bódìjà jáde, tí yóò sì kọ bí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ṣe ń se ewé kan àti bí àwọn ará Ìjẹ̀bú ṣe ń se é, àti ohun tí ìyá arúgbó kan sọ fún un nípa èyí tí a kì í se pọ̀ mọ́ èyí. Bí ó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tí ó ń fẹ́ kà á, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń kà á ní London tí ó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ òyìnbó ni wọ́n ń fi dípò gbúre níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń mú wọn rántí bí gbúre gan-an ṣe rí lẹ́nu.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilé kankan ní ìlú yìí. Kò sí iná, kò sì sí omi, nítorí iná ni ń fa omi láti inú kànga ẹ̀rọ lọ sínú táńkì. Ẹnì kan nínú ilé ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, omi kò dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìtì í padà. Abọ́ oúnjẹ alẹ́ wà nínú síńkì, èérún oúnjẹ sì ti dí ojú ihò rẹ̀. Ọ̀gànjọ́ òru ni iná dé. Ẹ̀rọ tí ń fa omi, tí wọn kì í pa nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí iná lè dé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; táńkì kún, omi sì ń dà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó gba ilé ìdáná kọjá, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì wọ yàrá ìyá olùkọ́, níbi tí báàgì kọ̀ǹpútà wà nílẹ̀, tí páálí ìwé àjákọ rẹ̀ wà nílẹ̀, tí wáyà extension náà sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iná yàrá náà ti já fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ki ẹsẹ̀ bọ inú omi. Ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kí ó máa dúpẹ́.

Ẹ wá wo bí àwọn ará ilé ṣe kó ẹrù. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì gíga ni tẹlifíṣọ̀n wà, omi kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àpò ìrẹsì, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó bàtà. Páálí ìwé ìyá ni ó gbẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ sì ti já kí wọ́n tó gbé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn gbé kọ̀ǹpútà, ó nù ún lójú, ó sì tàn án láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Títàn tí ó tàn án yẹn ni ó pa á. Omi lásán kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹ̀rọ tí iná kò sí nínú rẹ̀. Iná tí ó gba inú omi kọjá ni ń jó ẹ̀yà ara rẹ̀. Wọ́n wá rì í mọ́ inú ìrẹsì, nítorí gbogbo ayé ni ó gbà pé ìrẹsì ń fa omi jáde, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ Apple alára ti kìlọ̀ ní 2024 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ri fóònù tí omi wọ̀ sínú ìrẹsì, nítorí èérún rẹ̀ lè wọ inú ẹ̀rọ náà. Bí ó bá tilẹ̀ gbẹ, iyọ̀ àti ìdọ̀tí tí omi gbé wá yóò ṣẹ́kù sínú rẹ̀, yóò sì máa jẹ irin ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo èyí parí ni àbúrò sọ ọ̀rọ̀ ewé tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fi kún un pé òun yóò ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Mo gbà pé ọ̀làwọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó fẹ́ rà? Ṣé yóò ra ohùn ìyá arúgbó tí ó sọ̀rọ̀ nípa wọ̀rọ̀wọ́, tí ó sì ti di ará ọ̀run? A ti sọ owó di òṣùwọ̀n ohun gbogbo débi pé iṣẹ́ tí kò bá mú owó wálé kì í ṣe iṣẹ́ mọ́ lójú wa, eré ni. Bí ọkùnrin bá jókòó láti ọ̀sán títí di alẹ́ tí ó ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Ìlú Ọba, a ó ní kí ọmọdé má pariwo, bàbá ń wo bọ́ọ̀lù. Bí obìnrin bá fi owó oṣù kan ra aṣọ ẹbí tí kò ní wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó ní ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó ti ìwé àti gègé láàárín ilé, a ó máa rán an níṣẹ́, a ó gbé agbọ̀n aṣọ lé orí tábìlì rẹ̀, a ó ní kí ó wá bá wa ya ẹ̀fọ́, "ṣebí ẹ kò ṣe nǹkan kan."

Mo mọ ilé kan tí bàbá wọn fi ìgbà ayé rẹ̀ gba ohùn àwọn onírárà àti àwọn oníjàálá sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó lọ sí òde ìsìnkú àti òde ìwúyè tí wọn kò pè é sí, kí ó ṣáà lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú wọn. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ná owó tabua sórí òkú rẹ̀, wọ́n gbé akọrin wá, wọ́n sì pín ike àti agboòrùn tí àwòrán bàbá wà lára rẹ̀ fún àlejò. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé. Àwọn ọmọdé ni ó fa okùn inú rẹ̀ yọ, tí wọ́n fi ń ṣeré láàárín àgbàlá ní ọjọ́ tí ayẹyẹ ń lọ lọ́wọ́, kò sì sí àgbàlagbà kan tí ó ní kí wọ́n jáwọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kékeré ni mo ń sọ. Iṣẹ́ ìhìnrere ni Samuel Johnson ń ṣe ní Ọ̀yọ́. Kì í ṣe ìtàn kíkọ ni wọ́n gbà á sí. Ìfẹ́ tí ó ní sí ìtàn àwọn baba rẹ̀ ni ó mú kí ó máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà, títí ó fi parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897. Ní 1899, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, ó sì di àwátì. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àwọn kò mọ ibi tí ó wà, àti pé àwọn ṣetán láti san owó rẹ̀. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni! Samuel Johnson kú ní 1901 láìrí ìwé rẹ̀. Àbúrò yìí ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ nílé, èyí tí a kò tíì tún ṣe, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn jagunjagun Jámánì, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1921 kí ìwé náà tó jáde.

Àkọsílẹ̀ tí ó wà nílé ni ó gba ìwé yẹn là, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi ti yí kúrò lára àwọn ará ilé, tí ó dé orí ẹ̀yin olùkọ̀wé fúnra yín. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀ ń náání iṣẹ́ yín, tí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí ẹ gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná, irú ìnáání wo nìyẹn? Ọmọ aṣẹ́gità kì í fi èpo igi sílẹ̀ fún òjò. Mo ti gbọ́ àwáwí yín tán. Ẹ ó ní flash wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń ra káàdì fóònù láràárọ̀. Ẹ ó ní ẹ ti kó o sórí flash, flash náà sì ń bẹ nínú báàgì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kí olè tàbí omi lè rí méjèèjì kó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó ní àwòrán yín wà lórí WhatsApp, bẹ́ẹ̀ WhatsApp máa ń dín àwòrán kù bí a bá fi ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà fi í ránṣẹ́, bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé lọ́la, yóò rí bàìbàì. Ẹ kó ẹ̀dà kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fún ọmọ yín kan tí ó ní orí pípé ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ẹ kó ẹ̀dà kejì sórí flash, kí ẹ sì gbé e fún ẹbí tí ń gbé ìlú mìíràn, nítorí ará Ìbàdàn tí ó bá rántí omíyalé odò Ògùnpa ní 1980 àti omíyalé ti oṣù Kẹjọ 2011 mọ̀ pé omi kan náà lè wọ ilé tìrẹ àti ilé aládùúgbò rẹ. Àkọsílẹ̀ ọwọ́ ńkọ́? Ẹ fi fóònù ya ojú ewé rẹ̀ ní alẹ́ tí ẹ bá kọ ọ́, kì í ṣe ní òpin ọdún.

Bí omi bá sì ti dé ná, ẹ má fi ẹkún bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ pa iná ilé kí ẹ tó wọ inú omi. Ẹ má tan ẹ̀rọ tí ó tutù, ẹ má sì kì í bọ iná. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tú, kí ó tú u, kí ó sì fọ inú rẹ̀. Ní ti ìwé, ọjọ́ méjì péré ni ẹ ní, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni èébu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ẹ ṣí i sábẹ́ fáànù, ẹ fi bébà tí ń fa omi sáàárín àwọn ojú ewé rẹ̀, ẹ má sì sá a sínú oòrùn gangan, nítorí yóò ká kò. Àwòrán tí a tẹ̀ sórí bébà dídán, ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì tutù; bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n gbẹ, ẹni tí ó bá fà wọ́n yóò fa ojú ara wọn ya. Bí ìwé bá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ yín ká lọ, tí iná sì wà, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ kó o sínú fírísà; yìnyín kò ní jẹ́ kí èébu hù títí ẹ ó fi ráyè gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ìyá olùkọ́ fẹ́ ṣe èyí, wọ́n ní ẹja wà nínú fírísà.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹja yín ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe tiyín náà. Ẹ so wáyà extension mọ́ ara ògiri. Ẹ fọ abọ́ kí ẹ tó sùn. Ẹni tí ó bá ṣí ẹ̀rọ omi ni kí ó tì í, ìbáà dá a lóhùn, ìbáà má dá a lóhùn, ìbáà sì jẹ́ baálé ilé. Mo gbọ́ pé wọ́n ti di ẹ̀bi ti ọ̀rọ̀ yìí ru ọmọ ọ̀dọ̀. Kí ẹni tí ó bá a wí jọ̀wọ́ sọ fún mi ọwọ́ ta ni ó jẹun alẹ́, tí ó gbé abọ́ rẹ̀ sọ sínú síńkì, tí ó sì lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n.