Àìsàn ránpẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan, àkọ́bí Màámi Ṣakí, fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìwé ìrántí ọdún kẹta tí ìyá wọn ti lọ ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn wo Yorùbá rẹ̀ kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí èmi ni ẹbí gbà pé mo mọ àmì ohùn fi sí i. Màámi wé gèlè eléèsè àlùkò, ẹyẹlé funfun méjì ń fò lókè orí wọn (ta ló kọ́kọ́ kó ẹyẹlé bá wa dé orí ìwé òkú, mi ò mọ̀), wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé wọ́n papòdà "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́".

Àìsàn ránpẹ́ kẹ̀! Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni jẹjẹrẹ ọyàn fi bá wọn fínra. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Màámi pe ìyá mi wọ yàrá, tí wọ́n ní kó fọwọ́ kan ọyàn àwọn lápá òsì. Kókó kan wà níbẹ̀ bí ẹ̀kùrọ́, kò dùn wọ́n. Nítorí pé kò dùn wọ́n, wọ́n padà sí ìdí ẹ̀lùbọ́ wọn lọ́jà. Ìgbà tó ń dùn wọ́n, àgbo ti dé, òróró àdúrà ti dé, ọyàn náà sì ti ń ṣomi. Wọ́n ń fi aṣọ àlòkù dì í, wọ́n á wá wọ bùbá méjì lé e kí àwọn oníbàárà má baà gbóòórùn. Nígbà tí a fi máa gbé wọn dé ọsibítù, dókítà kan kọ̀wé pé kí a gbé wọn lọ sí òmíràn, ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún kò sì ṣiṣẹ́. Ilé ni wọ́n ti kú, ní ìdájí, ọmọ ọdún 63. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀.

Èyí tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹnìkan gbé iye kan sórí ẹgbẹ́ WhatsApp àwa tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́: jẹjẹrẹ tuntun mú ènìyàn 127,763 ní Nàìjíríà ní 2022, ó sì pa 79,542. Ó so ti iwájú mọ́ ọn, pé tó bá di 2050, àwọn tí jẹjẹrẹ ń mú lágbàáyé lọ́dún kan yóò ti kúrò ní mílíọ̀nù 20 bọ́ sí mílíọ̀nù 35. Ẹ ò rí i bí àdúrà ṣe ń rọ̀ bí òjò. Ọ̀kan ní èròjà amóbẹ̀dùn ló fà á, òmíràn ní òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bọ̀dá kan tí kì í sọ̀rọ̀ wá béèrè pé, "Ta ló ka òkú ẹgbẹ̀rún 79 yẹn?" Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá jù lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn o. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n.

Mi ò ní irọ́ ni. Ìṣirò ni, àwọn tó sì ṣe é mọ iṣẹ́ wọn: IARC ni, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ fi alásè wé e. Ẹnìkan fẹ́ ṣe ìnáwó, kò mọ iye ènìyàn tó ń bọ̀. Alásè á bi í pé mélòó làwọn àgbà, mélòó làwọn ọmọdé, mélòó làwọn ọ̀dọ́ tó lè jẹ abọ́ mẹ́ta. Ó mọ ohun tí irú wọn jẹ níbi ìnáwó tó sè kẹ́yìn, ó sì fi ìyẹn mú iye kóńgò ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni IARC ṣe. Ìlú díẹ̀ ló wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń ka jẹjẹrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ìbàdàn, Àbújá, Calabar, àti díẹ̀ mìíràn. Wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀: nínú àwọn obìnrin ọlọ́dún 50 sí 54, mélòó ni jẹjẹrẹ ọyàn mú, nínú àwọn ọlọ́dún 55 sí 59, mélòó. Wọ́n wá fi ìyẹn sọ iye gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ìbàdàn tiẹ̀ yẹ ká gbóríyìn fún. Nínú UCH, ọsibítù ńlá tó wà níbẹ̀, ni Ibadan Cancer Registry wà, ilé iṣẹ́ tó ń kọ àwọn tí jẹjẹrẹ mú sílẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé iṣẹ́ báyìí máa ń lọ láti ọsibítù kan sí èkejì, wọ́n ń ṣí fáìlì, wọ́n ń wo èsì àyẹ̀wò, wọ́n ń rí i dájú pé wọn ò ka ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Màámi Ṣakí kò sí níbẹ̀.

Iye gbogbo ènìyàn tí wọ́n fi sọ ọ́ ńkọ́? Ọdún 2006 la ti ka ara wa kẹ́yìn, wọ́n ní a lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 140. A tún fẹ́ kà á ní 2023, wọ́n sún un síwájú, ibẹ̀ náà ló wà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìkànìyàn yẹn ti lè dìbò báyìí. Ti àwọn tó kú ló wá burú jù. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sẹ́ni tó ń kú láìjẹ́ pé dókítà kọ ohun tó pa á, ìwé ikú ni wọ́n ń kà. Tiwa, wọ́n á mú iye àwọn tó ṣàìsàn, wọ́n á wo bí jẹjẹrẹ náà ṣe ń pani sí níbi tí ìtọ́jú ò ti tó, wọ́n á fi ìyẹn mú iye òkú.

Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n òkú wa ńkọ́? Bí kì í bá ṣe pé báńkì Màámi ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ikú wá kí wọ́n tó lè gba owó ẹ̀lùbọ́ tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ì bá lọ gba ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n sì bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó pa ìyá wọn, wọ́n ní, "Àìsàn ni." Wọn ò parọ́ ṣá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí 2050, torí ibẹ̀ làwọn ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù. Mílíọ̀nù 35 yẹn kò sọ pé jẹjẹrẹ ń le sí i. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí bí ó ṣe ń mú ọlọ́dún 60 lónìí wà bẹ́ẹ̀, wọ́n wá wo iye ọlọ́dún 60 tí yóò wà láyé nígbà náà. Ayé ń pọ̀ sí i, ẹ̀mí sì ń gùn sí i. Ẹni tí ibà ò pa lọ́mọdé ló ń dàgbà débi tí jẹjẹrẹ á fi bá a. Nítorí náà, ẹni tó bá mú iye yẹn wá fi dá amóbẹ̀dùn lẹ́jọ́, ẹjọ́ mìíràn ló ń rò.

Amẹ́ríkà náà ń ṣe tiwọn. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí àwọn wòlíì wa ń kó àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun jáde, American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ níbẹ̀, máa ń gbé tiwọn jáde: fún 2025, wọ́n fojú bù ú pé yóò mú 2,041,910, yóò sì pa 618,120. Ẹ pín in wò. Níbẹ̀, bí ẹni mẹ́wàá bá ní i, bí ẹni mẹ́ta ló ń kú; nínú iye tiwa ti 2022, mẹ́fà ni. Àwọn náà ò tíì ka tán o: àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ṣírò ti 2025 kò kọjá 2021, ti àwọn tó kú kò kọjá 2022. Wọ́n tiẹ̀ ń kìlọ̀ fúnra wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi iye ọdún yìí wé ti èṣí. Ẹ bá mi wá wòlíì tó máa ń ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tí mo ń gbàdúrà pé kí ìṣirò náà já sí irọ́. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ mú obìnrin 13,676 níbí ní 2022, wọ́n ní ó pa 7,093. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ náà. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ìgbà náà yóò jẹ́ ẹni ọdún 36 ní 2050. Ìṣirò tó bá ní bó ṣe wà lónìí ni yóò wà kò rí ọmọ yẹn. Àmọ́ ká tó lè mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti ka àwọn tó ní i ṣáájú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ibi tí inú ti ń bí mi sí ìjọba nìyí: wọ́n á ṣí ilé ìwòsàn, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, a ó ya fọ́tò, ṣùgbọ́n owó oṣù akọ̀wé tó ń ka fáìlì kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ń sọ níbẹ̀. Ara wa náà ń bí mi nínú. Ìjọba kọ́ ló kọ "àìsàn ránpẹ́".

Mo dá ìwé ìrántí náà padà ní ọjọ́ Ajé. Mo tún àmì ohùn ṣe, mo yọ ẹyẹlé kan, mo pa "àìsàn ránpẹ́" rẹ́, mo fi "jẹjẹrẹ ọyàn, lẹ́yìn ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin" síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní àbúrò àwọn obìnrin ń mú ọkọ wálé ní oṣù kejìlá, ṣé mo fẹ́ kí àwọn àna máa wo ọyàn ọmọ yẹn ni? Mi ò rí èsì fún wọn. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Òní ti di Ọjọ́bọ̀, wọn ò tíì tẹ ìwé náà jáde.