Ẹsẹ̀ Ọmọdé Lórí Koríko

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí ewì tí John Greenleaf Whittier, akéwì ará Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1855 nípa ọmọdékùnrin tí kò wọ bàtà, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú yín pé fàájì ìgbà ooru nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ẹ tún ọmọ náà wò dáadáa: ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, etí fìlà rẹ̀ ti ya, èso sitirọ́bẹ́rì orí òkè sì ti mú ètè rẹ̀ pọ́n bí osùn. Olùkọ́ kankan kò kọ́ ọ, síbẹ̀ ó mọ bí ìjàpá ṣe ń ru ìkarahun rẹ̀, ó sì mọ bí agbọ́n dúdú ṣe ń fi amọ̀ mọ ilé. Ọmọ àgbẹ̀ ni Whittier fúnra rẹ̀, ní Haverhill ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì rántí bí òun ṣe ń jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí òun ń jẹ búrẹ́dì àti wàrà nínú àwo onígi.

Ìparí ewì náà ni ó wọ̀ mí lára jù, níbi tí ó ti kìlọ̀ pé láìpẹ́ wọn yóò fi bàtà sé ẹsẹ̀ náà mọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n, bí ìgbà tí wọ́n kan irin mọ́ pátákò ọmọ ẹṣin nítorí iṣẹ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti ìkónilẹ́rú sílẹ̀ ní Philadelphia ní ọdún 1833. Kì í fi ọ̀rọ̀ òmìnira ṣeré rárá. Ó dùn mí gan-an pé orí sitirọ́bẹ́rì ni ẹ ti dánu dúró.