Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ, Tàgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi àgbà ní Ìsàn-Èkìtì a máa tọ́jú ẹ̀gúsí tí yóò gbìn sínú kèrègbè kan tí ẹnu rẹ̀ kéré. Bí àkókò ìgbìn bá tó, èmi ni wọ́n ń pè kí n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí n fi èékánná họ ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ ìdí kèrègbè náà jáde. Bí mo bá ṣe tán, wọn a na ọwọ́ sí pẹpẹ tó wà lókè ààrò, wọn a mú ẹja gbígbẹ kan fún mi. Wọn kò pa òwe kankan fún mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà, ó dà bí ẹni pé mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá òwe náà dúró lórí kèrègbè, bẹ́ẹ̀ ìyókù rẹ̀ ló wúwo jù: iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kí àgbà má ṣe kọ̀ ọ́, gbogbo wa la níṣẹ́ tí a jọ ń bẹ ara wa. Àgbà ni òwe yìí ń bá wí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú un wá síbi ọ̀rọ̀ òwò láàárín Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì í.

Ìlú Èkó ni orílẹ̀-èdè 15 ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975. Nínú gbogbo èèyàn tó wà lágbègbè náà lónìí, àwa ọmọ Nàìjíríà lé ní ìdajì, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn nípa ẹni tí í ṣe àgbà. Ní 1979, wọ́n tún fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Ìwé náà dára. Ojú ọ̀nà ni àbùkù wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta òfì àti kíjìpá ní Adó. Ní 2018, mo bá wọn gbé aṣọ lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ti ń rà á fún ìnáwó. Láti Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, mo ka okùn tí wọ́n na dí ọ̀nà dé mẹ́tàdínlógún, lẹ́yìn náà mo ṣíwọ́ kíkà. Ẹni tí kò ní ìwé ìrìnnà ń sanwó. Ẹni tó ní, tí kò tíì sí òǹtẹ̀ nínú rẹ̀, ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tó dé Àjàṣẹ́, èrè odindi aṣọ méjì ti wọ àpò ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kẹjọ 2019, àgbà ti ilẹ̀kùn pátápátá. Nàìjíríà sé ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀, ó di oṣù Kejìlá 2020 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Wọ́n ní nítorí fàyàwọ́ ni, ìrẹsì pàápàá, n kò sì ní pè é ní irọ́. Mo mọ àgbẹ̀ onírẹsì kan ní Ìgbẹmọ tí inú rẹ̀ dùn lọ́dún náà, ìdùnnú rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbèjà àgbẹ̀ wa, a lè jókòó pẹ̀lú aládùúgbò, kí a dá ìgbà, kí a sì dá iye. Títi ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí a jọ fọwọ́ síwèé lóru ọjọ́ kan kì í ṣe ìwà àgbà.

Ó yẹ kí Èkìtì mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà ogun Kírìjí, tí àwọn ọ̀nà tó lọ sí etí òkun kò ṣeé gbà fún wa, ọ̀nà Oǹdó ni Èkìtìparapọ̀ gbà rí ìbọn àti ẹ̀tù láti Èkó. Ẹni tí a bá dí ọ̀nà mọ́ kì í jókòó sunkún. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, ECOWAS ti ẹnubodè mọ́ ọn; ẹrù Niger gba Lomé, ó gba Burkina Faso kọjá. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú àjọ náà. Èmi kò fara mọ́ ìfipágbàjọba rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti màlúù tó ń ti Niger wá kì í ṣe ti ológun.

Ní ti kòkó, àwa gan-an ni ọmọdé. Nǹkan bí 60 nínú 100 kòkó ayé ni Côte d'Ivoire àti Gánà ń mú jáde. Ní 2019, àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé kí oníbàárà fi 400 dọ́là kún owó tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kí ó lè kan àgbẹ̀ lára. Àwọn oníbàárà dọ́gbọ́n sí i, wọ́n ń dín àfikún mìíràn tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ kù. Nàìjíríà kò sí níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i. Láti 1986 tí a ti tú àjọ tó ń ra kòkó ká, olúkúlùkù ló ń dá tirẹ̀ tà. Àgbẹ̀ Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè ń gbé kòkó síta fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Ó yẹ kí a lọ bá Gánà àti Côte d'Ivoire, kí a bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ láìtijú, kí oníbàárà má baà máa fi wá halẹ̀ mọ́ ara wa.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ mọ èyí dájú: nínú òfin ECOWAS, iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn tí a kò tíì fi ẹ̀rọ sọ di nǹkan mìíràn kì í san owó ibodè, wọn kò sì nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti wá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wé e sínú ọ̀rá. Ní ìrìnàjò wa tó kẹ́yìn, wọ́n nà án sí ọkùnrin tó di okùn mú. Ó kà á, ó dá a padà, ó ní owó omi ńkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò fèsì, wọ́n jókòó lé ẹrù òfì wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó tú okùn sílẹ̀ fún wa, a kò sì san kọ́bọ̀.