Ẹ yé ta gọ́ọ̀mù irọ́ fún ọlọ́kọ̀ rọ́bà

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Ọkọ̀ onírọ́bà, èyí tí à ń fi pọ́ǹpù fẹ́, ni mo fi ń pẹja lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ó ti gbó, mo mọ̀. Oòrùn ti pa á láwọ̀ dà, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sì ti ń ṣí. Èyí tó ń jò yẹn kọ́ ló ń bí mi nínú. Àwọn tó ń ta ohun tí a fi ń dí i fún wa ni!

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí i lára kí n lè rí ibi tó ń jò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, ẹnu ibi tí à ń fẹ́ atẹ́gùn gbà, ìfófòó kékeré kan wú, ó bẹ́, òmíràn tún wú níbẹ̀. Lábẹ́ páàṣì tuntun tí mo fi gọ́ọ̀mù wọn lẹ̀ dí i gan-an ńkọ́? Ọṣẹ ń hó ṣìṣìṣì! Mo fi èékánná ká etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣí kúrò lódindi, gọ́ọ̀mù ń fà yọ̀ọ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ gbọ́ o. Nínú ọkọ̀ tí à ń pè ní rọ́bà yìí, ti PVC wà, ti Hypalon, ìyẹn oríṣi rọ́bà kan, wà, gọ́ọ̀mù wọn ò sì pa pọ̀. Sólúṣọ̀n tí fọganáísà fi ń lẹ tíúbù táyà, rọ́bà ló wà fún. Ìran ike ni PVC, kò lè dì í mú. Súpà gúlù ní tiẹ̀ á gan bíi páálí, tí ìgbì bá sì ti ń tẹ ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, á sán. Síbẹ̀ ọlọ́jà á wojú ẹni, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tí kì í lẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn wo ni kí n fi balẹ̀? Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rọ̀ lójú ibú, tí ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé òun ni yóò wá yọ mí?

Ẹ̀yin tó ń ṣe ọkọ̀ náà ò gbẹ́yìn. Ẹ tẹ iye èèyàn tó lè gbé sí i lára, kí ló dé tí ẹ ò tẹ ohun tí ẹ fi ṣe é? Gọ́ọ̀mù gidi pàápàá, tí a ń po oríṣi méjì pọ̀ kó tó lè dì mú, ń fẹ́ ojú gbígbẹ àti bíi wákàtí 24 kí a tó fẹ́ ọkọ̀. Nínú ọ̀rinrin àsìkò òjò, ta ló kọ ìyẹn sára ike rẹ̀ fún wa?

Mo ti kó páàṣì yẹn àti ike gọ́ọ̀mù náà sínú ọ̀rá. Lọ́la ni mò ń gbé e padà lọ bá ọlọ́jà náà, owó mi ló máa kà lé mi lọ́wọ́.