Kóríko tí àrùn kò lè mú? Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri pé gbogbo irúgbìn kóríko pápá tí wọ́n ń tà báyìí ni wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà, pé àrùn kankan kò lè mú un mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ò bá ẹni tó fi ránṣẹ́ wí, torí òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Kóríko tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni creeping bentgrass (kóríko tí wọ́n máa ń gbìn sí pápá gọ́ọ̀fù) ti ilé-iṣẹ́ Scotts àti Monsanto ní Amẹ́ríkà. Oògùn apakóríko glyphosate ni wọ́n ṣe é kó lè fara dà, kì í ṣe àrùn. Ara ohun tó fa ariwo náà ni pé ní ìpínlẹ̀ Oregon, lọ́dún 2003, atẹ́gùn gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ dé nǹkan bíi kìlómítà 21.

Àwọn onímọ̀ ti fi àbùdá tó ń gbógun ti fọ́ńgọ́ọ̀sì (ohun bíi èbu tó ń fa àrùn) sínú kóríko níbi ìwádìí. Àrùn dollar spot, tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń fà, dín kù lára rẹ̀, kò pòórá. Èyí tí wọ́n kọ "resistant" (ìyẹn ni pé ó le sí àrùn) sí lára àpò irúgbìn sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún mú akọ gun abo, tí wọ́n sì ń ṣà á lẹ́ṣà. Ẹ wo àpò náà dáadáa: àrùn wo gan-an ni wọ́n dárúkọ? Èyí tó le sí ọ̀kan lè gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún òmíràn.

Ẹ tún wo ewé rẹ̀ ní ìdájí, kí ìrì tó gbẹ. Bí ẹ bá rí òwú funfun bíi ti aláǹtakùn, tí àpá funfun tó ní etí pupa rẹ́súrẹ́sú sì dábùú ewé, dollar spot ni. Ẹ fún un ní ajílẹ̀ tó ní nitrogen díẹ̀, kí ẹ sì bomi rin ín ní ìdájí, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́, torí ewé tó bá tutù mọ́jú ni àrùn yìí fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.