Tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà lórí kọ́ńgò gààrí kan?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìdálẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé màmá mi láti Isanlu lọ sọ́jà Kabba, nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi. Àpò gààrí mẹ́fà la kó sẹ́yìn ọkọ̀. Kí a tó dọ́jà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn agbowó dá wa dúró. Níbì kan, okùn ni wọ́n ta sójú títì. Níbòmíì, pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́ ni wọ́n gbé dábùú ọ̀nà. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì já tíkẹ́ẹ̀tì fún dírẹ́bà, ẹni tí kò ní kàn na ọwọ́ wọlé lójú fèrèsé. Nígbà tá a sọ ẹrù tán, dírẹ́bà ní kí màmá mi dá owó náà padà fún òun, torí ẹrù ni wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á. Màmá mi ò bá a jiyàn. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó sanwó, ó wá sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Orí kọ́ńgò ni mo máa gbé e lé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Tíṣà tó ra kọ́ńgò méjì, opó tó ra àbọ̀, àwọn ló san owó okùn ojú títì, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn san án.

Mi ò sí lára àwọn tó ń bú òfin owó orí tuntun. Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Wọn ò sì ní gba VAT, ìyẹn owó orí ọjà títà, lórí oúnjẹ tí gbogbo ayé ń jẹ. Òfin tó ro ti mẹ̀kúnnù nìyẹn. Àmọ́ kí ni èrè rẹ̀ fún màmá mi, tó bá jẹ́ pé ohun tí Àbújá fi sílẹ̀ fún un ni okùn ojú títì ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Owó orí náà ni, àfi pé ẹnikẹ́ni ò lè sọ àpò tó ń bọ́ sí.

Ó sì ti pẹ́ tó ti di èèwọ̀. Òfin ọdún 1998 tó to owó orí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ owó orí, kò gbọ́dọ̀ dínà torí àtigba owó. Ìjọba ìbílẹ̀ ní tiẹ̀ nínú òfin náà: owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù, owó gáréèjì, títí kan owó ọmọlanke. Kí wọ́n gbà á nínú ọjà, kí wọ́n já ìwé tó ní nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà.

Mo mọ̀ pé nǹkan le fún ìjọba náà. Gbogbo wa la rí i lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo kan fò láti nǹkan bí ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní a kì í san owó orí, ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Ládùúgbò wa, owó la dá ra tiransifọ́mà. Owó fijilanté ò tíì sinmi látìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń lúgọ de àgbẹ̀ lọ́nà oko. Ọmọ wa tó wà l'Ékòó ń fi tiẹ̀ ránṣẹ́. A ń san án torí pé lópin ọdún, akápò á dìde, á ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sétí gbogbo ìlú, arúgbó tí ò mọ̀wé sì lè ní kó tún un kà.

Ẹ wo ọ̀nà Obajana sí Kabba. Kìlómítà 43, kọnkéré ni. Ilé iṣẹ́ Dangote ló náwó sí i, ìjọba àpapọ̀ sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó orí tó yẹ kí wọ́n san, lábẹ́ àṣẹ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lọ́dún 2019. Tí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé owó orí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ rèé.

Nínú ₦100 VAT, ₦35 jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dá ẹjọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ̀yin alága wa, láti Kabba/Bunu títí dé Yagba West, mo bẹ̀ yín, ẹ lẹ iye tó ń wọlé lóṣooṣù mọ́ ara ògiri ọjà, kí ẹ sì ká okùn yẹn kúrò lójú títì.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n já fún wa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ò ní déètì, èkejì ò ní orúkọ ẹni tó gba owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ná ọjà Kabba, Mopa àti Egbe, ẹ má sọ tiyín nù. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń kó tèmi lọ bá káńsílọ̀ wa.